Ẹ Wò Ó Bí Ó Ti Jìn Tó

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 6:13–15



Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ nígboro Kaduna mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan yóò ha ọkọ̀ náà lára. Ó kàn mí lóṣù tó kọjá. Oníkẹ̀kẹ́ náà bẹ̀ mí ní èdè Háúsá, mo ní kó máa lọ. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí pẹ́ńtà fẹ́ gbà, mo pinnu láti tún un ṣe fúnra mi lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dára nínú oòrùn.

Ibi méjì ni ọkọ̀ náà ti ha. Ọ̀kan gùn láti ilẹ̀kùn iwájú dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹni tó bá rí i á figbe ta. Èkejì kò ju ọmọńdinrín ìka lọ, lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀, nítorí iyanrìn tó bá wà lábẹ́ àkísà á tún máa ha ọkọ̀ sí i ni. Lẹ́yìn náà mo fi èékánná gba ojú méjèèjì kọjá. Lórí èyí tó gùn, èékánná mi yọ̀ lọ geere. Lórí èyí tó kúrú, ó há. Irin ń dán yinrin nínú rẹ̀.

Ọ̀dà ara ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní primer ló wà lórí irin. Ọ̀dà tó ní àwọ̀ ló tẹ̀lé e. Èyí tó ń dán bíi gíláàsì, tí wọ́n ń pè ní clear, ló wà lókè pátápátá. Èyí tó gùn yẹn kò ré kọjá clear. Mo fi aṣọ tó rọ̀ àti rubbing compound díẹ̀ ra á, kò pẹ́ tó fi pòórá. N kò sì ra á jù, torí gbogbo ìgbà tí a bá ra á ni clear ń fẹ́lẹ́ sí i, èyí tó bá sì ti lọ kì í hù padà.

Èyí tó kúrú ló gba ọjọ́ méjì. Bí mo bá kàn fi ọ̀dà bò ó, ojú rẹ̀ yóò dán fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpẹtà yóò máa jẹ irin lọ lábẹ́, títí ọ̀dà náà yóò fi wú tí yóò sì bó. Mo ní láti fi sáńpépà tó kúnná ha ibẹ̀ mọ́, kí n nu ọ̀rá kúrò, kí n fi primer sí i, kí n dúró kó gbẹ, kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tọ́ ọ̀dà sí i ní ìpele-ìpele, kí n sì fi clear parí rẹ̀.

Irú ọ̀ràn yìí ni Jeremáyà torí rẹ̀ bá àwọn wòlíì àti àlùfáà ìgbà ayé rẹ̀ wí. Àwọn ènìyàn Ọlọ́run gbọgbẹ́, wọ́n ní kò tó nǹkan. Ogun wà nílẹ̀, wọ́n ní ara rọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó lò níbẹ̀ bá èyí tó túmọ̀ sí "fúyẹ́" tan: wọ́n fọwọ́ fẹ́rẹ́ mú ohun tó wúwo.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ kan tí mo ti sìn níhìn-ín ní Àríwá. Ìyá rẹ̀ kú nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lájò mọ ohun tí ìsìnkú jẹ́ fún wa: ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé ń wo ẹni tó bá ọmọ olóòkú wá. Kò sí ẹnì kankan nínú ìjọ tó bá a lọ. Nígbà tó padà dé, wọ́n pè é síwájú, wọ́n kọrin, wọ́n fún un ní àpòòwé, ó parí. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ṣíwọ́ wíwá, gbogbo ènìyàn sì ní àwọn kò mọ ìdí.

Nígbà tí mo dé ìjọ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí i kó tó sọ̀rọ̀. Ó gbà mí láyè láti sọ ọ́ níhìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, nígbà tí àwọn ẹbí mi bi mí pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi dà, irọ́ ni mo pa. Mo ní mọ́tò wọn ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà."

Ibi tó ti kan irin nìyẹn. Àpòòwé kò lè bò ó. Àwọn díákónì àti àwọn àgbà obìnrin lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọn kò kọ́kọ́ kọrin. Wọ́n jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sunkún, wọ́n sì ní, "A jẹ̀bi rẹ." Ó dun gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Kì í tíì wá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi o. Bí a bá fọwọ́ kan ọ̀dà tuntun, ó dà bíi pé ó ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó le dénú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kán an lójú láti wá jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ará, kì í ṣe gbogbo ohun tó ha wá ló dé irin. Ẹni tí kò kí ọ lẹ́yìn ìsìn, ẹni tó gbàgbé orúkọ rẹ nínú ìkéde, jọ̀wọ́, fi ìfẹ́ nù ún kúrò. Pétérù sọ fún wa nínú lẹ́tà rẹ̀ kìíní, orí kẹrin, pé ìfẹ́ lágbára láti bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan. Bí a bá ń ra irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, àjọṣe wa ni yóò máa fẹ́lẹ́. Nínú ìjọ kékeré tó wà lájò, ó rọrùn láti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá. Ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn wá; àfi kí a sún mọ́ ọn, kí a fọwọ́ kàn án. Ta ni ó ń rẹ́rìn-ín láàárín yín tí ẹ kò tíì lọ jókòó tì?

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, èyí tó fúyẹ́, fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti gbójú fò ó. Èyí tó jìn, má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀dà bò ó. Wẹ̀ wá mọ́ dé ìsàlẹ̀, kí o sì wò wá sàn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.