Àkọ́rọ̀ Òjò Ká Mi Mọ́ Ìkẹjà

Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé òun mọ ọjọ́ àti wákàtí tí òjò oṣù Igbe yóò rọ̀, ẹ bá mi bi í bóyá òun ni ó ń pọn omi fún un. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ya àwòrán afẹ́fẹ́ òkun àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Ìkẹjà ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Igbe ọdún 2025, ìyá kan tí ń ta ṣájà lẹ́bàá títì ni ó kọ́ mi.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ilé-ìwé wa ni ó gbé mi lọ. Inú rẹ̀ ni máàkì ọdún mẹ́ta ti àwọn ọmọ tí ó fẹ́ jáde wà, ojú rẹ̀ sì ṣú lójijì, kò mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ má bi mí pé ṣé a kò ní ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn. Ọ̀gá àgbà wa ti bi mí, n kò sì rí èsì gidi kan fọ̀. Ilé-ìwé wà ní ìsinmi nígbà náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dá owó jọ, wọ́n ní, "Gbé e lọ sí Computer Village, wọn yóò jí i."

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ ní Láderin, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Ojú irin titun yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Òkúdù ọdún 2021. Ti àtijọ́, èyí tí àwọn òyìnbó ṣe, ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901, àwọn bàbá wa sì máa ń wí pé bí ó bá ń gun òkè, ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ kí ó lọ mu omi kí ó tún padà bá a. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí kì í dúró de ẹni tí ń mu omi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ Yorùbá ti rí, ẹ jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé nínú ọkọ̀ yìí. Ní Abẹ́òkúta, àpáta ni gbogbo ibi tí ojú tó, oòrùn sì ti gbóná lórí wọn láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Bí ẹ bá ti ń lọ sí apá Pápáláńtò, àwọn òkè yóò máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní oṣù Igbe, ìlà ewé tútù àti ìlà eruku ni ẹ óò máa rí. Mo rí oko kan tí àgbàdo rẹ̀ ti tó orúnkún, mo rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àgbàdo rẹ̀ ti rọ, ó pọ́n bí ìgbà tí iná rà á. Olóko tí ó ní èkejì yìí ti gbin tirẹ̀ nígbà tí òjò kìíní rọ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, òjò sì ti lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ohun tí ń bẹ nínú àkọ́rọ̀ òjò nìyẹn: a máa dẹ ènìyàn.

Mo sọ̀ ní Agége. Lónìí, búrẹ́dì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú oko kòkó àti obì ni nígbà ayé J. K. Coker, ẹni tí oko rẹ̀ ní Ìfàkò jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó ní ilẹ̀ wa. Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin pupa ti ìjọba Èkó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Kò pẹ́ tí mo fi sọ̀ ní Ìkẹjà, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn dé Òtìgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ibẹ̀ rí, ẹ má rò pé abúlé ni. Ilé gbígbé ni Òtìgbà àti Ọlá-Ayéni àti Pepple àti àwọn àdúgbò tí ó yí wọn ká, ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, tí ó ní ọgbà àti igi máńgòrò. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọdún 2000 pé, àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí háyà yàrá kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Yàrá di ṣọ́ọ̀bù, ọgbà di ṣọ́ọ̀bù, ògiri di ṣọ́ọ̀bù, ẹnu géètì pàápàá di ṣọ́ọ̀bù. Lónìí, láti orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká ni wọ́n ti ń wá ra fóònù níbẹ̀. Gbogbo nǹkan ni ó yí padà àfi gọ́tà. Gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ fún omi ìwẹ̀ ìdílé mélòó kan ni ó kù tí ó ń gba omi òrùlé gbogbo ilé alájà tí wọ́n ti kọ́ síbẹ̀. Ìjọba Èkó ti ń wí i tipẹ́ pé òun yóò kó ọjà náà lọ sí Katangówá, ní ọ̀nà Abẹ́òkúta. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò nípa rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí pé ṣé mo fẹ́ ra nǹkan ni tàbí mo fẹ́ ka ìwé ìròyìn.

Injiníà tí wọ́n júwe fún mi tú kọ̀ǹpútà náà wò. Ó ní ojú rẹ̀ nìkan ni ó kú, inú rẹ̀ yè, ṣùgbọ́n òun kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀, kí n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì òun ní Pepple. Ó dé e padà, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, sìn mí lọ.

Agogo kan ọ̀sán ti lu. Ooru náà kì í ṣe kékeré. Afẹ́fẹ́ tí ó ti ń fẹ́ láti òwúrọ̀ dáwọ́ dúró lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn pa fáànù. Àwọn tí ń tajà lẹ́bàá títì ní agbòòrùn ńláńlá, ọ̀kan náà tí í di agbòjò bí ọjọ́ bá yí padà. Mo rí i pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wọlé wọ̀de. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé, nínú ọjà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí, kò sí ẹni tí ó wo fóònù. Ọ̀run lápá Ọ̀pẹ̀bí ni gbogbo wọn ń wò.

Ìyá kan tí ń ta ṣájà àti àpò fóònù di apá mi mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọdá. Ẹ dúró sí abẹ́ òrùlé yìí."

Mo wo apá gúúsù, níbi tí òkun wà. Ibẹ̀ mọ́ kedere. Mo dá a lóhùn bí tíṣà pé, "Ìyá, láti inú òkun ni òjò ti ń wá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó ní, "Bàbá, ti oṣù yìí kì í gba ibẹ̀ wá. Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

N kò wo ẹ̀yìn. Mo fẹ́ bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà sílé. Mo kó sí ojú títì, ọmọ náà tẹ̀lé mi, ìyá náà sì ń pariwo pè mí. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ìjì fi dé. Ìjì náà kọ́kọ́ gbé eruku, ó gbé páálí, lẹ́yìn náà ó gbé agbòòrùn méjì tàbí mẹ́ta sókè bí ẹni gbé fìlà. Páànù ń ké lórí ilé. Lẹ́yìn náà ni àrá sán, ọ̀wààrà òjò sì bò wá mọ́lẹ̀. Gọ́tà kún, ó tú omi dúdú sí ojú títì, n kò sì mọ ibi tí títì parí sí àti ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ọmọ náà já báàgì gbà ní ọwọ́ mi kí ó tó kan omi, ó gbé e sí abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì sáré wọ inú ilé alájà kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbàgbé, nítorí òótọ́ ni pé mo mọ̀ ọ́n. Omi tí ń di òjò ti inú òkun wá lóòótọ́, afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni ó ń gbé e wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Igbe àti Èbìbí, afẹ́fẹ́ tútù yìí kò tíì nípọn, ìsàlẹ̀ ni ó wà. Lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ mìíràn ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn. Àwọn ìjì ńlá máa ń dìde ní ìlà-oòrùn, àwọn mìíràn láti apá òkè Jọ́ọ̀sì àti Kamẹrúùnù, afẹ́fẹ́ òkè yìí a sì máa dà wọ́n bí ẹní da màlúù wá sí ìwọ̀-oòrùn, wọn a máa mu omi inú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ bí wọ́n ti ń bọ̀. Nítorí náà ni òjò àkọ́rọ̀ fi ń ti ìlà-oòrùn wá, pẹ̀lú ìjì àti àrá, tí kì í sì í pẹ́. Àdúgbò kan á gbà á, èkejì kò ní rí ẹ̀kán kan. Nígbà tí ó bá di oṣù Òkúdù, afẹ́fẹ́ òkun ti nípọn, òjò yóò wá balẹ̀, yóò máa rọ̀ ṣáá láìsí ariwo púpọ̀. Oṣù yẹn ni omi rẹ̀ pọ̀ jù ní Èkó. Òjò tí ń rọ̀ ní Ìkẹjà lọ́dún sún mọ́ 1,500 mílímítà. Ti Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí gbogbo ènìyàn ń fi òjò bú, sún mọ́ 600 péré.

NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003 láti máa ṣọ́ ojú ọjọ́, a máa kéde lọ́dọọdún ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìkéde náà wúlò fún olóko, kì bá sì ti jẹ́ kí ẹni tí mo rí oko rẹ̀ lọ́nà yára gbìn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ìyá oníṣájà pé agogo kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìjì yóò dé Òtìgbà.

Nígbà tí òjò dá, mo padà lọ bá a. Ìkẹjà kì í ṣe Lẹ́kí. Ilẹ̀ rẹ̀ ga ní nǹkan bí 40 mítà ju ojú òkun lọ, omi kì í sì í dúró pẹ́ níbẹ̀ bí gọ́tà bá ti lè mí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn tó láti ba ọjà jẹ́. Igi agbòòrùn aládùúgbò rẹ̀ ti wó lu àpótí onígíláàsì rẹ̀, ó fọ́. Páálí ṣájà kan wà nínú omi. Àwọn fóònù rẹ̀ ni ó ti kó wọlé tẹ́lẹ̀, ṣájà ni ó kàn tí ó fi dúró máa pè mí. Ó kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn omi inú wọn dànù, kò sì wò mí.

Mo ní kí n san owó páálí náà. Ó ní rárá. Mo ní kí ó wá tà wọ́n fún mi. Ìgbà náà ni ó gbé ojú sókè, ó ní, "Bàbá, nǹkan tí ó ti mu omi, tí yóò lọ kan iná nílé yín? N kò lè tà á fún yín." Ó wá mú méjì tí ó gbẹ jáde, ó dá iye wọn fún mi gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dá a fún gbogbo ènìyàn, n kò sì ná an. Àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ ń tu ara wọn nínú pé èyí kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Agẹmọ ọdún 2011, nígbà tí òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí omi bo Èkó, tí ẹ̀mí sì bá a lọ. Ìyá náà kò dá sí i.

Ẹ ó fẹ́ mọ ti kọ̀ǹpútà. Omi ti wọ inú rẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ tan án wò, ọmọ náà sì kígbe pé, "Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Bàbá! Ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Ó ní omi nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ pa á, iná tí ó bá gba inú omi kọjá ni ó ń pa á. Ó yọ bátìrì rẹ̀, ó tú u, ó fi sípíríìtì nu inú rẹ̀. Mo bi í léèrè ìrẹsì, nítorí mo ti gbọ́ pé inú ìrẹsì ni à ń fi fóònù tó bá mu omi sí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ ìrẹsì mi. Mo ti wá rí i kà lẹ́yìn náà pé Apple, tí ń ṣe fóònù, ti kìlọ̀ kí a má ṣe bẹ́ẹ̀, ìròyìn rẹ̀ sì kàn ní 2024, nítorí eruku ìrẹsì lè ba inú rẹ̀ jẹ́.

Kọ̀ǹpútà náà kò jí mọ́. Ṣùgbọ́n injiníà yọ díìsìkì rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, a sì jókòó tì í, èmi, òun àti ọmọ náà, à ń wo ojú ẹ̀rọ. Nígbà tí orúkọ ọmọ kìíní nínú kíláàsì jáde, tí máàkì rẹ̀ tẹ̀lé e, mo dìde dúró láìmọ̀. Ó dà gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà méjì fún mi. Iye tí mo san, mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá àgbà, ó tó.

Mo bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Agége, bàtà mi ń dún ṣọ̀ṣọ̀ bí mo ti ń rìn. Títí a fi kọjá Agbádo ni ilẹ̀ tutù. Nígbà tí a dé Pápáláńtò, eruku ń tẹ̀lé ọ̀kadà lójú ọ̀nà, oko àgbàdo tí ó rọ náà sì wà bí mo ti fi í sílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ìyàwó mi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ṣòkòtò mi láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Baálé mi, odò wo lẹ ṣubú sí?"