Ìwó ìlú odídẹrẹ́: Ṣé bọ́ọ̀lù lè jẹ́ oko ìwájẹ fún ọmọbìnrin?

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ìwó, kò nílò kó máa bèèrè ọ̀nà kiri. Ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ gan-an, Ìwó Road ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ á gba Lálúpọn kọjá, nígbà tó bá yá, ó ti wọ ìlú Olúwòó nìyẹn, Ìwó Olódò Ọbà, ìlú odídẹrẹ́.

Ọjà ni wọ́n fi ń mọ ìlú. Ní Odò-Orí, àwọn ìyá á ti jókòó ti ọjà wọn láti àárọ̀, àwọn ọmọbìnrin wọn á máa bá wọn dá oníbàárà lóhùn. Nínú ìlú yìí kan náà ni Yunifásítì Bowen wà, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Ọmọbìnrin ń ti ọ̀nà jíjìn wá kàwé níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bínú. Ṣùgbọ́n tí ọmọ Ìwó bá ní bọ́ọ̀lù ló fẹ́ gbé òun kúrò nílé ńkọ́? Ibẹ̀ lariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ṣé bọ́ọ̀lù ni yóò máa jẹ?"

Ti ọkọ kò le. Àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin ń lọ́kọ, wọ́n sì ń bímọ. Ti oúnjẹ ló yẹ ká jókòó sọ.

Ní 1990 ni líìgì àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn bí Ọmọọba Bọ́lá Jẹ́gẹ́dẹ́ ló ń náwó ara wọn sí bọ́ọ̀lù obìnrin nígbà yẹn. Ní 1991, Super Falcons lọ sí ìdíje ife àgbáyé àkọ́kọ́ ti obìnrin ní Ṣáínà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n nà wọ́n, wọn ò sì rí góòlù kan ṣoṣo jù sáwọ̀n. Wọn ò torí ẹ̀ padà sílé lọ jókòó. Ní July 26, 2025, ní Rabat, Mòrókò ti fi góòlù méjì ṣíwájú kí Rasheedat Ajibade, ọ̀gá ikọ̀, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó dá mẹ́ta padà. Ife Áfíríkà ìkẹwàá nìyẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ti Amẹ́ríkà. Ní April 14, 2001, wọ́n ṣí líìgì obìnrin tí wọ́n ń sanwó fún ní Washington. Èrò 34,148 ló wá wòran lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa di September 2003, wọ́n ti tì í pa, owó ti tán. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ṣáà mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ìsọ̀ tuntun, èrò á pé bìbà. Ẹ̀yìn ọjọ́ náà là ń mọ ẹni tó ń tà.

Ọmọ Nàìjíríà kan, Mercy Akide, wà nínú líìgì yẹn, San Diego Spirit ló ń gbá fún. Nígbà tó tú ká, kò jẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀. Ó ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́hùn-ún, ó sì di ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù. Àdúrà tí wọ́n ń fi odídẹrẹ́ ṣe gbà fún un, kò kú sóko ìwájẹ.

Láti Ìwó, Òṣogbo kò jìnnà, ibẹ̀ sì ni Osun Babes, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ti ìpínlẹ̀ náà, fi ṣe ilé. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá múṣémúṣé, ẹ má gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ kàn fi ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kún un: aṣọ rírán, irun ṣíṣe, èyí tó bá wù ú. Tí líìgì bá yó o, ká dúpẹ́. Tí kò bá yó o, kò ní í sun ebi.