Ohùn Tí Kò Yẹ Kí Ó Já

Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, kọrin ìyìn sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ́nù. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní 1930, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣì wà. Ohùn olóògbé kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Màmá opó kan ní ìjọ wa ní Abẹ́òkúta gbé síìdì kan wá, níbi tí ọkọ wọn ti ń súre fún àwọn ọmọ. A fi ìkánjú so wáyà, a dà á sínú rẹ́kọ́dà. Ohùn náà ń já, ó ń ta pá-pá. Orúkọ àbíkẹ́yìn sọnù nínú ìre náà. Màmá ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

Ojú tì wá. Òǹkà ohùn inú síìdì jẹ́ 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 48,000 ni a fi rẹ́kọ́dà sí, wọn kò sì bára mu. A yí i sí 44,100. A fi aṣọ rírọ̀ nu síìdì láti àárín lọ sí etí, a kò nu ún yíká. Nígbà tí a dà á tán, a jókòó gbọ́ ọ títí dé òpin kí a tó fà á lé Màmá lọ́wọ́. Orúkọ náà dún ketekete.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbàgbọ́ tí a gbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi ìkánjú fi í lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́, kí ó má baà já lọ́nà. Àmín.