Bíréèkì Kì í Ṣàdédé Já

Nínú ìròyìn ìjàm̀bá ojú pópó, gbólóhùn kan kì í wọ́n: "Ìjánu rẹ̀ ló já." Mo gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, mo sì ń kà á títí tí mo fi fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Gbólóhùn náà ń mú kí ó dà bí ẹni pé àyànmọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bíréèkì alùpùpù kì í ṣàdédé já. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ, ojú sì lè rí i.

Ní Ìwó níbí, alùpùpù ni ẹsẹ̀ ìlú. Òun ní í gbé oníṣòwò lọ sọ́jà, òun ní í gbé èrò lọ sí Kúta àti Ilé-Ogbó, òun náà ló ń gbé ọmọ mi lọ sílé ìwé láràárọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi tú táyà ẹ̀yìn Bajaj tèmi ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá.

Ohun tí a ń pè ní páàdì lẹ́yìn irú alùpùpù yìí, ṣúù méjì ni, tí wọ́n tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí wọ́n wà nínú họ́bù. Bí a bá tẹ bíréèkì, irin kékeré kan á yí, á ti àwọn méjèèjì fẹ̀, wọn á sì fara ha họ́bù láti inú. Mo tú nọ́ọ̀tì ẹnu ọ̀pá bíréèkì, mo tú irin tó so ìdérí họ́bù mọ́ ara alùpùpù, mo fa ọ̀pá àárín táyà yọ. Nígbà tí ìdérí jáde, mo ká ṣúù méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń pa ìwé dé, wọ́n sì bọ́ lára sípíríìǹgì. Èyí tó kù lára wọn kò nípọn ju èékánná lọ.

Eruku dúdú kún inú họ́bù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á fi ẹnu fẹ́ ẹ dànù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Asbestos wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ṣúù láyé àtijọ́, ojú lásán kò sì lè mọ èyí tó ṣì ní in. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Àkísà tútù ni mo fi nù ún.

Mo fi gíríìsì díẹ̀ sí irin tó ń yí, n kò jẹ́ kí ó kan ara ṣúù. Nígbà tí mo dá gbogbo rẹ̀ padà, nọ́ọ̀tì irin tó di ìdérí họ́bù mú ni mo yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì: bí ó bá tú lórí eré, ìdérí lè yí, kí táyà sì gan lójijì.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà gbà pé bíréèkì iwájú ń gbéni ṣubú, nítorí náà tẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí alùpùpù bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ á wọ́ síwájú. Iwájú ló lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn wá ń dá ru ẹrù ẹni méjì, ó sì ń tètè jẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi ọwọ́ líle mú òfin akoto, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá àti ìkòkò láti fi tan ẹ̀ṣọ́. A rẹ́rìn-ín, a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Akoto ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìgbà tí ènìyàn bá ti ń ṣubú ló tó wúlò. Bíréèkì ni kì í jẹ́ kí a ṣubú. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún títú họ́bù wò; owó ṣúù kò tó owó epo ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ yín tó gun ọ̀kadà lọ́la, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Bí nọ́ọ̀tì ẹnu ọ̀pá bíréèkì bá ti wọlé débi pé kò ríbi wọ̀ mọ́, ṣúù ti tán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀.