Ìṣẹ́jú Mẹ́ta sí Pobẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlaròó ló béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ jọ́gíráfì rẹ̀ bí yóò ti pẹ́ tó kí bàálù tó gbéra ní São Paulo tó balẹ̀ sí Rio de Janeiro. Olùkọ́ náà, ọkùnrin tó ti ń súnmọ́ ìfẹ̀yìntì, dáhùn pé nǹkan bí 360 kìlómítà ló wà láàárín ìlú méjèèjì lójú òfurufú, àti pé bí wákàtí kan ni wọ́n máa ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà mú bírò, ó fi 800 kìlómítà tí bàálù lè sá ní wákàtí kan ṣírò rẹ̀, ó rí ìṣẹ́jú 27.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni ìyókù wákàtí náà lọ?"

Ìbéèrè gidi ni. Láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tí èrò ti wọ̀ ọ́ ni wọ́n ti ń ka àkókò rẹ̀. Yóò rọra yí lórí ilẹ̀, yóò dúró de èyí tó ṣáájú rẹ̀, yóò gòkè. Kò sì ní í pẹ́ lórí eré tí yóò tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Olùkọ́ ṣàlàyé gbogbo èyí, ó sì tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn.

Kò tẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ lọ́rùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ó fi rúlà wọn Ìlaròó sí Pobẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Nǹkan bí 40 kìlómítà ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún bàálù.

Ní ìparí ọdún 2019 ni ìpè wọlé lóru pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Pobẹ̀, ti jáde láyé. Ibodè ti wà ní títì láti 20 oṣù Kẹjọ ọdún náà nítorí fàyàwọ́. Ní oṣù Kọkànlá, ìjọba tún fòfin de gbígbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ẹnu ibodè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà ṣe di ọ̀wọ́n. Ó kírun àsùbáà, ó gba ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn. Ọ̀kadà mẹ́ta ló gùn. Ó ka igi tí wọ́n fi dínà dé orí mọ́kànlá kó tó ṣíwọ́ kíkà. Ẹsẹ̀ ló fi rin èyí tó kù, láàárín oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́.

Nígbà tó wọ agbo ilé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kírun sí ìyá náà lára, wọ́n ti sin ín.

"Ẹ̀gbọ́n, a retí yín títí di ọ̀sán," ni àbúrò rẹ̀ wí, ó sì bu omi fún un.

Ìwé àdéhùn 10 oṣù Kẹjọ 1889 láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló gbé agbo ilé ìyá rẹ̀ sí apá kan, tó fi ti bàbá rẹ̀ sí apá kejì. Àní ojú irin tí wọ́n là láti Ifọ̀ gba Ìlaròó ní 1930, Ìdógò ló parí sí. Kò fojú kan ibodè. Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó kéde ṣíṣí ibodè Ìdí-Ìrókò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní kí ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú ìlú kan tí ẹbí wọn wà, kí wọ́n kọ bí ó ti jìnnà tó, kí wọ́n kọ iye wákàtí tí wọ́n fi dé ibẹ̀. Ó fa ìlà kẹta sójú pátákó, ó kọ "Ìdúró" sí òkè rẹ̀. Ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ bàálù ló kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Kétu ni.