A Kọ́ Àgọ́ Kékeré ní Molutehin

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 23:39-43; Diutarónómì 16:13-15

Bí ọmọ bá ń ka Bíbélì, ó pẹ́ ni, ó yá ni, yóò béèrè pé, “Kí ni Àjọ Àgọ́?” Ní October 2016, nígbà tí àwọn Júù ń ṣe àjọ náà lọ́wọ́, a mú ìbéèrè yìí lọ sí Molutehin ní etí òkun Ìlàjẹ, lọ́dọ̀ ìyá àgbà àwọn ọmọ wa.

Igbókọ̀dá ni a ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá àgbà ti ránṣẹ́ pé kí a ra imọ̀ dání, nítorí kò sí lọ́dọ̀ àwọn mọ́. Nígbà kan rí, igi ògùrọ̀ pọ̀ nínú irà agbègbè náà. Ṣùgbọ́n àwọn odò tí a gbẹ́ nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì ṣí ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti wọ inú irà, àwọn igi tí kò lè mu iyọ̀ sì kú. Etí òkun ibẹ̀ kì í ṣe iyanrìn bí ti Èkó. Ẹrẹ̀ ni, kì í sì í ṣòro fún ìgbì láti kó o lọ. Ayétòrò pàápàá, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀.

Ilé ìyá àgbà dúró lórí òpó igi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni a jókòó sí láti ṣe iṣẹ́ wa. A mú páálí bàtà kan, a fi àlùmọ́gàjí gé ojú kan kúrò fún ẹnu ọ̀nà, a sì ṣí òkè rẹ̀ sílẹ̀. A to ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́fà sí òkè, a fi òwú so wọ́n, a sì tẹ́ imọ̀ wẹ́wẹ́ lé wọn. Àwọn ọmọ kun bébà, wọ́n gé e bí ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn, wọ́n sì so wọ́n rọ̀ sínú rẹ̀.

A ṣàlàyé fún wọn pé àwọn Júù kì í fi páànù bo àgọ́ yìí. Ewé àti ẹ̀ka tí a gé ni, kí ó ní òjìji, ṣùgbọ́n kí a lè máa rí ìràwọ̀ láti inú rẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, láti rántí pé inú àgọ́ ni Ọlọ́run mú àwọn baba wọn gbé nígbà tí wọ́n jáde ní Égíptì. A kì í ṣe Júù, a kò sì kọ́ ọ láti fi gba ìgbàlà. Ṣùgbọ́n Olúwa wa Jésù lọ sí àjọ yìí (Jòhánù 7).

Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wo òrùlé, ó wo omi lábẹ́ ilé, ó ní, “Màmá, ṣé àgọ́ ni ilé tiyín náà?”

A fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní, “Ẹ fi í sílẹ̀.” Ó nawọ́ sí òkun. “Ọmọ mi, ilé mi kẹta rè é. Ibi tí ti àkọ́kọ́ wà, ọkọ̀ apẹja ló ń kọjá níbẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, àwọn Júù á padà sí ilé wọn. Àwa ńkọ́, ọjọ́ wo ni tiwa?”

A kò rí èsì fọ̀. A ti múra láti kọ́ àwọn ọmọ pé ayé kì í ṣe ilé wa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti wàásù rẹ̀ fún ẹni tí omi ń lé, kí a sì padà lọ sùn sí ilé tiwa.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a ka Diutarónómì 16. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti pàṣẹ pé kí àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó bá wọn yọ̀ nínú àjọ yìí. Opó ni ìyá àgbà. Nígbà tí a délé, a kó ẹrù kúrò nínú yàrá kan, a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó wá. Ó kọ̀, ó ní òun kò lè fi àwọn aládùúgbò òun sílẹ̀. Ní 2018, lẹ́yìn tí ìgbì tún dé ẹsẹ̀ ilé náà, ó gbà. Àgọ́ páálí yẹn wà nínú ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, September tàbí October ni àjọ yìí máa ń bọ́ sí. Ẹ kọ́ àgọ́ kékeré pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ bi wọ́n pé, “Ta ni a mọ̀ tí kò ní ilé?” Kí ẹ sì pe onítọ̀hún wá jẹun. Kí Olúwa rántí àwọn ará wa ní etí òkun Ìlàjẹ. Àmín.