Ewé Eépín àti Ẹ̀rọ Ìdángi

“Ṣé ọwọ́ yín ti rọ ni, Bàbá Báyọ̀?” Ìbéèrè tí ìyàwó mi bi mí nìyí ní alẹ́ ọjọ́ tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ mú nínú owó ìfẹ̀yìntì mi láti fi ra ẹ̀rọ tí ń mú igi dán. Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀, nítorí pé ohun tí ó ń bèèrè ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Bí ẹ̀rọ bá ti gba iṣẹ́ ṣe, kí ni ó kù fún ọwọ́? Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ìdáhùn kí n tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdílé àwọn oníṣẹ́ igi ni a bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí gbogbo abúlé ń pè ní Bàbá Ọlọ́nà, jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Bàbá tí ó bí mi sì jẹ́ káfíńtà ní ìgboro Ìbàdàn. Nígbà tí a bá lọ lo ìsinmi ní abúlé, iṣẹ́ tiwa ọmọdé ni láti já ewé eépín wá láti etí oko. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí oko kò ní í gbàgbé ewé yìí: bí ènìyàn bá fi ọwọ́ pa á lára, yóò rí i pé ó rí ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò. Òun ni àwọn ìyá wa fi ń fọ igbá àti ìkòkò. Òun náà ni Bàbá Ọlọ́nà fi ń ha igi lẹ́yìn tí ọ̀bẹ bá ti kọjá lára rẹ̀. Bí ewé kan bá ti kú, yóò na ọwọ́ sí wa láìwẹ̀yìn, àwa náà yóò sì fi òmíràn sí i lọ́wọ́. Kì í kánjú. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mo ti di tíṣà kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ Bàbá Ọlọ́nà ní ètò tí àwọn onímọ̀ ti kọ sínú ìwé. Àlùfáà Kevin Carroll wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ibùdó iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, níbi tí Bándélé ọmọ Aréògún ará Òsì ti kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1967, ó ṣàlàyé pé ìpele mẹ́rin ni gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ń tọ̀: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, àti fínfín. Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, náà bi àwọn Yorùbá léèrè ohun tí ó mú kí ère kan dára ju òmíràn lọ. Nínú àlàyé tí ó kọ ní ọdún 1973, dídán wà lára ohun tí wọ́n kà sí ẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ipò tí dídán wà nínú ètò náà. Òun kọ́ ni ó kẹ́yìn. Fínfín ni ó kẹ́yìn, nígbà tí ẹnu ọ̀bẹ yóò máa fa ìlà sí ara ibi tí ó ti dán, tí irun orí àti ìpéǹpéjú yóò fi hàn kedere. Ẹni tí ó bá tún fi ohun líle ha igi lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni ó pa rẹ́.

Bàbá mi kò lo ewé ní tirẹ̀. Sáńpépà ni ó ń wé mọ́ ègé igi, tí yóò máa fi ha àga àti ibùsùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Igi ìrókò àti igi ọfun, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní mansonia, ni àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ràn jù. Igi méjèèjì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun wọn a máa bá imú, ọ̀nà ọ̀fun àti ara àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí wọn jà. Bí bàbá mi bá délé, ìpéǹpéjú rẹ̀ a ti di ti arúgbó. Bí ó bá ń wúkọ́, a ó ní ọyẹ́ ni. Ìyá mi a sì se àgbo fún un. “Iṣẹ́ kì í pani,” ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà gbogbo. Ikọ́ náà kò fi í sílẹ̀ títí ó fi re ibi àgbà ń rè.

N kò sọ pé ìyẹ̀fun igi ni ó pa á. Dókítà kan kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọdún 1995, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ ka ìyẹ̀fun igi mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn náà fún ènìyàn, pàápàá jù lọ ní ihò imú. Mo sì tún mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í dín ìyẹ̀fun kù. Ńṣe ni ó ń sọ ọ́ di púpọ̀, tí ó sì ń tú u sí afẹ́fẹ́ kí a tó ṣẹ́jú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí n ra ẹ̀rọ kí ara lè tù mí, ìdajì òtítọ́ ni ó sọ.

Síbẹ̀, èjìká mi ń dùn mí. Mo ti lé ní ọmọ ọdún 65, àpótí ìjókòó tí mo ń ṣe fún àwọn ọmọ àti ẹbí nínú àgọ́ ẹ̀yìnkùlé mi sì ní ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ wọnú, tí ó sì tún yọ síta. Ibi tí ó tẹ́jú rọrùn. Ibi tí ó tẹ̀ wọnú ni ó ń dá ènìyàn lágara, nítorí pé àfi kí n wé sáńpépà mọ́ igi ìgbálẹ̀ kí n tó lè dé ibẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mo ń wò ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ní apá kan, ó ní bẹ́líìtì sáńpépà tí ó fẹ̀ tó íńṣì 4, tí gígùn rẹ̀ yípo jẹ́ íńṣì 24. Èyí wà fún ojú tí ó tẹ́jú àti ìta ibi tí ó rọ̀bọ̀tọ̀. Bí a bá yọ bẹ́líìtì yìí kúrò, ọ̀pá kan yóò kù lóòró, a ó sì ki ìlù róbà tí a fi sáńpépà wé bọ̀ ọ́. Ìlù náà wà ní oríṣiríṣi, láti orí èyí tí ó ki tó ìdajì íńṣì dé orí èyí tí ó ki tó íńṣì 2, fún ibi tí ó tẹ̀ wọnú. Bí ọ̀pá yìí ṣe ń yí ni ó ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kí igi má baà jó, kí sáńpépà má sì jẹ lójú kan ṣoṣo. Tábìlì rẹ̀ ṣeé dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ṣe káfíńtà ní Bódìjà. Ó mi orí.

“Tíṣà, ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Ẹ ra oníbẹ́líìtì lọ́tọ̀, kí ẹ sì ra ọlọ́pàá lọ́tọ̀.”

Mo ní ọlọ́pàá tí ó wà lójú títì ti tó mi. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ronú sí òwe rẹ̀. Òótọ́ ni fún un: ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ní, ọ̀kan lè wà nídìí bẹ́líìtì nígbà tí èkejì wà nídìí ọ̀pá. Bí wọ́n bá ń dúró de ara wọn, owó ni ó ń ṣòfò. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n sì ń ṣe, bẹ́líìtì kékeré bẹ́ẹ̀ kò sì lè tó ìlẹ̀kùn. Èmi nìkan ni mo wà nínú àgọ́ tèmi, àgọ́ náà kò sì gba ẹ̀rọ méjì. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yọ bẹ́líìtì kí n tó ki ìlù bọ̀ ọ́, kò sí ẹni tí ń dúró dè mí. Eku kan ni ẹ̀rọ mi yóò lé tán kí ó tó lé èkejì. Mo wá rí i pé iṣẹ́ ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò, kí á tó wo ẹ̀rọ.

Ọmọ àbúrò mi tí ó wà ní Houston gbọ́, ó sì ní òun yóò fi ọ̀kan ránṣẹ́. “Ẹ má wulẹ̀ náwó, Dádì.” Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ní kí ó ka ohun tí a kọ sí ara mọ́tò rẹ̀ fún mi. Fólítì 120 ni, ti wa sì jẹ́ 230. Tiransifọ́mà lè yanjú ìyẹn. Ohun tí tiransifọ́mà kò lè yanjú ni pé iná Amẹ́ríkà ń lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tiwa ń lù ní ìgbà 50, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sì ń jó sí ìlù iná ni. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, eré rẹ̀ yóò dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́fà, ooru yóò sì máa mú un. Mo ní kí ó fi owó náà ra ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Níkẹyìn, Èkó ni mo ti ra ẹ̀rọ alápapọ̀ tèmi, oní-fólítì 230, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 450. Kì í ṣe èyí tí ó lágbára jù ní ọjà. Mo mú un nítorí pé ó ní ihò lẹ́yìn tí a lè so páìpù mọ́. Owó tí ìbá mú mi ra èyí tí ó tóbi ni mo fi ra ẹ̀rọ tí ń fa ìyẹ̀fun àti ìbòmú tí ó kúnjú òṣùwọ̀n, méjì: ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ọmọkùnrin Báyọ̀ tí ó máa ń wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí a ní nílé, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní “I better pass my neighbour”, kò lè gbé ẹ̀rọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé mọ́tò máa ń gba agbára púpọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra. Bí kò bá sí iná ìjọba, a kì í tan ẹ̀rọ ìdángi. A ó jókòó, a ó gbẹ́ ohun tí ó ṣeé fi ọwọ́ gbẹ́.

Mo fún ọmọ náà ní òfin méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí kò bá fi ìbòmú bo imú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ìbáà ṣe èmi bàbá rẹ̀ àgbà. Èkejì ni pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kọjá ìpele kẹta. Bí igi bá ti dán, a ó pa iná, a ó gbé ọ̀bẹ.

Ní Sátidé kan, ó ń fi ewé eépín tí ó já ní ẹ̀yìn ọgbà wa ha ojú àpótí kan tí ẹ̀rọ ti kọjá lórí rẹ̀. Ó yọ ìbòmú rẹ̀ láti bi mí ní ìbéèrè. Mo ní kí ó dá a padà ná. Ó dá a padà, ó wá ti inú rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Bàbá, ṣé bàbá tiyín kò ní irú èyí ni?”

Mo ní kò ní i. Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́. Kò tún béèrè nípa ọwọ́ mi mọ́.